Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Kòkó Tútù Mọ́

Ianthe Ventour sọ pé kòkó tútù ti gbẹ, nígbà tí kòkó náà sì bu, ó jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn ru ẹ̀bi rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ianthe fi tú kòkó lórí àtẹ ní oko Belle Ravine, ní erékùṣù Grenada. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tú u níbẹ̀. Wọ́n á da kòkó sórí àtẹ ńlá tó ń yí lórí irin, àwọn obìnrin á bọ́ bàtà, wọ́n á gun orí rẹ̀, wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ, wọ́n á máa wọ́ ọ bọ̀, títí oòrùn yóò fi kan gbogbo ẹ̀gbẹ́ hóró. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á ti àtẹ náà wọ abẹ́ ilé. Bí ó bá dá, wọ́n á tún tì í jáde.

Kòkó tó bá tutù máa ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó bá gbẹ máa ń dún, ó sì máa ń gún ni. Ianthe mọ gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ó lè gun orí àtẹ kan kí ó sọ pé, "Ó ku oòrùn ọjọ́ kan àtààbọ̀," bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí. Òun ni olórí àtẹ. Bí òun kò bá tíì sọ pé kòkó gbẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o sápò.

Ìgbéraga sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Telesford, alábòójútó oko náà, ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ bí omi ṣe kù tó nínú kòkó, Ianthe fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ọ̀gá, kí ni nǹkan yẹn ń jẹ?"

"Bátìrì ni."

"Ẹsẹ̀ tèmi ò jẹ bátìrì. Búrẹ́dì àti tíì kòkó ló ń jẹ. Ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Telesford náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ianthe máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésì àti nígbà Àjíǹde. Kì í mutí, kì í jalè. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀, yóò ní kí onítọ̀hún lọ bá àwọn tó jókòó síwájú ilé ọtí.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ìrora dé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn, kò sì lọ. Yóò sùn, yóò jí, yóò sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí kò sùn rárá. Lẹ́yìn èyí ni pajápajá mú un lẹ́sẹ̀. Láti orúnkún dé ọmọ ìka, ó dà bí ìgbà tí ìjàlọ ń tò kọjá lábẹ́ awọ. Nígbà mìíràn yóò máa ta á bí abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ náà yóò kàn kú.

Dókítà ní ilé ìlera ìlú yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí àtọ̀gbẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní faibromayálíjíà ni wọ́n ń pe àìsàn náà, pé àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ara lọ sí ọpọlọ ló ń pariwo ju bó ti yẹ lọ. Ó ní kì í pani, ṣùgbọ́n kì í tètè lọ. Ó fún un ní oògùn, ó sì ní kó má rìn láìwọ bàtà mọ́.

Ianthe mú oògùn, ó fi ọ̀rọ̀ bàtà sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìlera. Olórí àtẹ tó wọ bàtà, kí ló tún jẹ́? Ó kó oògùn sínú agolo mílíìkì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí kò yẹ kí òjò rọ̀, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ń ti àtẹ wọlé, wọ́n ń tì í jáde. Ọkọ̀ tí yóò gbé kòkó lọ sí èbúté ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Telesford dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ.

"Ianthe, ṣé ó ti gbẹ?"

Ó gun orí rẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó wọ́ ọ bọ̀. Kò mọ nǹkan kan lára àfi ìjàlọ rẹ̀. Ì bá bẹ̀rẹ̀ kó fi ọwọ́ bù ú. Ì bá fi eyín gé hóró kan. Ṣùgbọ́n olórí àtẹ kì í fi ọwọ́ yẹ kòkó wò lójú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó gbẹ," ni ó wí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Merle Cadore ń tú àtẹ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Ianthe kọjú sí i. "Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹsẹ̀ ọdún méjì yẹn? Merle, òógùn ara ẹ ló ń lẹ̀ mọ́ ọ. Lọ wẹ̀."

Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Merle wo ilẹ̀. Wọ́n kó kòkó náà sápò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn tó rà á dá a padà. Nígbà tí wọ́n tú àpò, funfun ti hù lára kòkó, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Telesford pe gbogbo wọn jọ sábẹ́ ilé. Kò pariwo. Ó kàn béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ianthe ló kọ́kọ́ dáhùn. Kò tilẹ̀ ronú sí i.

"Ó gbẹ nígbà tó kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Merle ló yẹ kó kó àpò wọ sítọ̀ọ̀. Mo rí wọn níta ní àárọ̀ Sátidé, òjò ti pa wọ́n. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, ni mi ò ṣe sọ."

"Àǹtí," ni Merle wí, "ẹ wojú mi."

Ianthe ń wo àtẹ.

"Àǹtí Ianthe. Ojú mi lásán ni mo ní kẹ́ ẹ wò."

Kò wò ó.

Ta ni wọn yóò gbà gbọ́, ẹsẹ̀ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni àbí ẹsẹ̀ ọdún méjì? Wọ́n dá Merle dúró lẹ́nu iṣẹ́. Oko ló ni yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, nítorí náà yàrá lọ pẹ̀lú iṣẹ́. Merle fi ìyá rẹ̀ sínú yàrá kan tí wọ́n yá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú, òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Trinidad, ó lọ ń fọ abọ́ àti aṣọ nílé onílé.

Lọ́jọ́ tí ó lọ, Ianthe délé, ó ń retí kí ọkàn rẹ̀ bù ú jẹ. Kò bù ú jẹ. Ó jẹ gbẹ̀rẹ̀fútù rẹ̀ tán, ó fọ ìkòkò, ó nu tábìlì. Ọkàn náà dà bí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tú kòkó ní àárọ̀, ó rí ohun pupa kan tó ṣe ìlà lọ ṣe ìlà bọ̀ lórí àtẹ.

"Ta ló ń ṣẹ̀jẹ̀ sórí kòkó níbí?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ìṣó kan tó yọ lára pákó àtẹ ti wọ gìgísẹ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti nípọn bí awọ màlúù láti ọdún wọ̀nyí wá, pajápajá sì ti bo gbogbo ohun tó kù. Kò mọ̀ pé nǹkan gún òun.

Telesford sáré dé. "Ianthe, o ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ parí ìlà yìí kí n tó yọ ọ́ ni."

Ó purọ́ nítorí ìṣó pàápàá.

Wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi í sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ilé ìlera. Lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, arúgbó obìnrin kan jókòó, ó dojú korobá délẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Clothilde Cadore ni, ìyá Merle. Ianthe ì bá yí padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́.

"Jókòó, Ianthe. Ṣé wàá máa dúró bí òpó iná ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Pajápajá ni, àbí? Mo rí bó o ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí adìyẹ tó tẹ eérú gbígbóná."

"Ìṣó ni, Màmá."

"Ìṣó kì í gún ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Ianthe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni tèmi," ni arúgbó náà wí. "Wọ́n kọ́kọ́ ní mo ya ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ẹnì kan ló ṣe mí. Dókítà mẹ́ta ló wò mí kí ọ̀kan tó mọ orúkọ ẹ̀. Máa bọ̀ nílé mi. Màá fi bí wọ́n ṣe ń bá a gbé hàn ọ́. Àwọn tibí ò ráyè ẹjọ́ gígùn."

Ianthe lọ. Ó rò pé arúgbó náà kò mọ̀ pé irọ́ ni òun pa mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dùn ún jù fún un láti máa ronú jìnnà.

Ìyá Clothilde kò ní oògùn àṣírí kankan. Ó ní kó má dúró lójú kan. Kó rìn díẹ̀, kó jókòó díẹ̀, kó tún rìn, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Kó fi ìgúnpá wo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí ẹsẹ̀ tó ti kú kò mọ èyí tó gbóná. Kó ká àpò, kó gbé ẹsẹ̀ lé e. Kó wọ bàtà tó fẹ̀. Kó lo oògùn dókítà lásìkò rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dáa, kó má rò pé ó ti lọ tán kó wá fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta pa ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá le, kó sọ fún ẹni tó wà nítòsí pé ó le.

"Ìyẹn ló máa ṣòro fún ọ jù," ni Ìyá Clothilde wí. "O ò lè ya ẹnu sọ pé ó ń dùn ọ́. Wàá fẹ́ kú bí olórí àtẹ."

Ẹsẹ̀ náà fúyẹ́ díẹ̀. Kò lọ.

Bó bá ti ń wẹ ẹsẹ̀ Ianthe, ìyá náà máa ń sọ̀rọ̀ Jésù, kì í ṣe bí oníwàásù, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ràn án lọ́wọ́. Ianthe á ní, "Ó máa yá, Màmá." Nígbà mìíràn ìyá náà á ní kó ka lẹ́tà Merle fún òun, torí ojú òun ti bàjẹ́. Merle kọ̀wé pé orí ìdúró ni òun ti ń jẹun nílé ibẹ̀. Merle kọ̀wé pé kí Màmá má gbàgbé oògùn àyà rẹ̀. Ianthe ń kà á sókè, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nínú ara rẹ̀, yóò ní, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá sọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, yóò tún sún un síwájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, èémí Ìyá Clothilde ń kúrú. Kò lè dá gbé abọ́ omi mọ́, Ianthe ló ń gbé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, ìyá náà ń fi aṣọ nu gìgísẹ̀ tí ìṣó gún. Kò gbójú sókè.

"Ianthe, àwọn àpò yẹn, ṣé wọ́n wà níta ní Sátidé tó o wí?"

Ianthe wo omi inú abọ́. "Màmá, ẹ mọ̀."

"Láti kékeré ni ọmọ mi ti ń ká aṣọ kí òjò tó ṣú. Kì í fi nǹkan sílẹ̀ sójò. Mo mọ̀ látọjọ́ tó gbé ẹrù wa jáde."

"Látọjọ́ yẹn? Ẹ sì ń wẹ ẹsẹ̀ mi?"

"Ó ń dùn ọ́. Kí ni kí n ṣe, kí n máa wò ó?" Ó gbé ẹsẹ̀ kejì. "Má rò pé mi ò bínú o. Ní ọ̀sẹ̀ tó o kọ́kọ́ wá, omi híhó ni mo fẹ́ dà sínú abọ́ yìí. Mo sọ fún Jésù bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi ìgúnpá wò ó."

Ianthe kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, mi ò mọ nǹkan kan lára. Ojú mi gbẹ. Mo ti gbìyànjú kí n sunkún nítorí Merle, kò wá. Bóyá Ọlọ́run ti fi mí sílẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ léèrè omijé? O ò mọ kòkó yẹn lára, ṣé ìyẹn ní kó má tutù? Ṣé o purọ́ mọ́ ọmọ mi àbí o ò purọ́?"

"Mo purọ́."

"Sọ fún Un bẹ́ẹ̀. Má kó ọ̀rọ̀ dídùn sí i. Òpùrọ́ wà lára àwọn tí Jésù kú fún. Òpùrọ́ ni ẹ́. O ti rí ibi tó o máa gbà wọlé."

Ianthe di abọ́ náà mú. Ó ní, "Jésù, mo purọ́ mọ́ Merle. Mo purọ́ torí mo fẹ́ jẹ́ olórí àtẹ. Mi ò ní àwáwí. Dárí jì mí. Gbà mí."

Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ara rẹ̀ kò gbọ̀n. Omijé kò wá. Ìjàlọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lọ bí wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ó ti tán, Màmá?"

"Ti Ọlọ́run tán. Ti Telesford ló kù. Lọ lọ́la."

"Bóyá lẹ́yìn tí a bá kó kòkó oṣù yìí."

"Ianthe."

"Lọ́la, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, Ianthe wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Kó tó la ẹnu, àwọn obìnrin ti ń wo bàtà náà. Ó dúró sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ó ní òun ò mọ kòkó lẹ́sẹ̀ mọ́ láti ọdún tó kọjá, ó ní kòkó yẹn tutù nígbà tí òun ní ó gbẹ, ó ní Merle kò fi àpò kankan sílẹ̀ sójò.

Obìnrin kan ní, "Wò ó, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò jẹ bátìrì." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Telesford wọlé, ó gbé ẹ̀rọ kékeré náà jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó nu eruku ara rẹ̀. "Ó yẹ kí èmi náà ti lò ó," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó gba ipò olórí àtẹ lọ́wọ́ Ianthe, ó ní kó lọ máa jókòó ran ẹnu àpò. Ní òwúrọ̀ kan náà, ó fi fóònù pe Trinidad. Merle ní òun yóò wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Orí ìjókòó yẹn ni Ianthe wà títí dòní, bàtà lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sàn. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ó sàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní ìwé tó ní gbàrà tí o bá gba Jésù ni gbogbo pajápajá rẹ yóò pòórá, bi í léèrè ẹni tó rán an. Ó ṣì ń fi ìgúnpá wo omi. Ó ṣì ń gbé ẹsẹ̀ lé orí àpò. Ṣùgbọ́n bí ó bá le, ó ń sọ pé ó le. Kò ní ohun tó ń fi pamọ́ fún Ọlọ́run mọ́ tàbí fún ènìyàn. Ọkàn rẹ̀ pẹ́ kó tó jí. Oṣù kẹta lẹ́yìn àdúrà yẹn, ó ń ran àpò, ó kàn bú sẹ́kún. Ìdáríjì ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ẹkún tó dé.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o ò mutí, o ò jalè. Bóyá o ti gbọ́ ìwàásù títí tí kò ta ọ́ mọ́. O mọ ohun tí o ṣe. O mọ ẹni tó ń ru ẹ̀bi rẹ kiri. O ń retí kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ gbóná, kí omijé kọ́kọ́ wá, kí o tó lọ bá Jésù. Má dúró dè é. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò mọ̀ lára, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Jésù ti mọ̀ látọjọ́ tí o ti ṣe é, kò sì lé ọ jáde. Lọ bá A báyìí, níbi tí o jókòó sí. Sọ ọ́ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.

O ní lọ́la. Ianthe náà wí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ná an fún ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó gbé ọbẹ̀ lọ fún Ìyá Clothilde, kó lè sọ fún un pé Merle ti wà lójú omi. Ó bá a lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpò tí wọ́n ká, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ sí ọ̀nà èbúté. Ara rẹ̀ ti tutù. Àárọ̀ Sátidé ni ọkọ̀ Merle gúnlẹ̀. Ọlọ́run ti dárí ji Ianthe. Merle náà dárí jì í, torí ìyá rẹ̀ ti ní kí aládùúgbò kan bá òun kọ̀wé sí i pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ianthe ló pa ojú ìyá náà dé. Ọwọ́ Merle ló yẹ kó jẹ́.